Ta Ni Ó Ni Ojú Tí A Yà?

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ó gba àròjinlẹ̀: nígbà tí ènìyàn bá gbé kámẹ́rà sókè ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó sì ya ojú ẹni tí kò mọ̀ rí, kí ni ó mú lọ, ta sì ni ó ni ohun tí ó mú lọ náà? Nígbà kan rí, ìbéèrè yìí kò kan ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbà, ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù, nítorí pé kámẹ́rà kò pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò ni ó ń wọ aṣọ rere lọ bá ayafọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá ní fóònù alágbèéká ni ó ní kámẹ́rà. Olùkọ́ ń ya fọ́tò, àgbẹ̀ ń ya fọ́tò, ọmọ ọdún mẹ́wàá ń ya fọ́tò. Púpọ̀ nínú wọn kò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, wọn kò sì gba òmìnira.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdílé kan láti Ìbà ṣe àpẹẹrẹ. Baba, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ni wọ́n. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti dé, wọ́n sì pinnu láti lọ wo òkun ní Àgbádárìgì. Odò Ọ̀tìn ni omi tí wọ́n mọ̀ ní agbègbè wọn. Inú òwe nìkan ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ nípa òkun. Wọ́n gba Ìkìrun, Òṣogbo àti Ìbàdàn dé Èkó, wọ́n sì wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ìyá ni fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kọ́ fọ́tò yíyà rí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn ará agbo ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ rí ohun tí òun rí. Èrò rere ni èyí. Ìrìnàjò tí a kò rí ẹni ròyìn rẹ̀ fún kò tíì parí.

Àbùkù tí ó kọ́kọ́ hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ìwà, ti ìmọ́lẹ̀ ni. Ọ̀sán gangan ni ó ya àwọn ọmọ. Òkun àti iyanrìn hàn kedere, ojú àwọn ọmọ sì dúdú bí èédú. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kámẹ́rà kò mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé sí i ni ó ń ṣírò pọ̀, tí ó sì ń wá ìwọ̀n àárín. Iyanrìn funfun àti omi tí ń dán a máa tàn án jẹ. Yóò gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó dúró láàárín ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìka kan ojú ọmọ náà lórí gíláàsì fóònù kí ó tó yà á, tàbí tí ó ní sùúrù títí oòrùn yóò fi rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò bọ́ nínú ìṣòro yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní Shirley ni àwọn tí ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ mèremère ní Amẹ́ríkà fi ń wọn bí ara ènìyàn ṣe yẹ kí ó rí. Lorna Roth, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà, ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwádìí tí ó gbé jáde ní 2009. Ẹ̀sùn àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tí ń ṣe àga onígi, pé fíìmù kò fi ìyàtọ̀ àwọ̀ ọjà wọn hàn, wà lára ohun tí ó mú ilé iṣẹ́ Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe. Ẹjọ́ àga ni wọ́n gbọ́!

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣeé kọ́ ní ọjọ́ méjì. Èyí tí ó kù ni ó le. Létí òkun, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n gígùn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin lórí okùn kan, wọ́n ń fi orin gbé ẹsẹ̀. Ohun ìwòran ni fún ẹni tí ó ti Ìbà wá. Ìyá náà gbé fóònù sókè láti òkèèrè. Ọ̀kan nínú àwọn apẹja náà rí i, ó yí ojú padà, ó sì fi ọwọ́ bò ó.

Kí ni ó ń bínú sí? Kò sí ohun tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Ẹja rẹ̀ pé, okùn rẹ̀ pé. Àwọn kan yóò ní ẹ̀rù ayé ni ó ń bà á, kí a má baà fi àwòrán rẹ̀ pè é nínú dígí. Àlàyé yìí ti rọrùn jù, ó sì fi ìwọ̀sí díẹ̀ kún un. Ọkùnrin náà lè má gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé aṣọ tí ó ti gbó ni ó wọ̀, pé òógùn bo ojú rẹ̀, pé kò fẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí i bẹ́ẹ̀ títí láé. Iṣẹ́ òwúrọ̀ yìí jẹ́ ìwọ̀n wákàtí díẹ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó lè jẹ́ baba ìyàwó ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, kí ó wọ aṣọ òkè, kí àwọn ènìyàn máa dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n fọ́tò náà yóò sọ wákàtí díẹ̀ náà di gbogbo ayé rẹ̀ lójú ẹni tí yóò rí i ní Ìbà. Àwọn àgbà ní ẹni tí à ń wò kì í wòran. Apẹja náà mọ̀ pé òun ti di ẹni tí à ń wò, kò sì sí ẹni tí ó bi òun léèrè bí òun bá fẹ́.

Bí a bá wo bí àwọn Yorùbá ti ń lo fọ́tò láti ìgbà tí ó ti dé, a ó rí i pé ọkùnrin yìí kò dá àṣà tuntun sílẹ̀. Stephen Sprague, ayafọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún tí kò jìnnà sí Ìbà; àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ohun tí ó rí ni ohun tí ènìyàn ṣì lè rí lára ògiri pálọ̀ àwọn àgbà: àgbàlagbà jókòó gbagidi, ó kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, agbádá rẹ̀ kún inú fọ́tò, ohun oyè rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ kò dùn. Ojú tí yóò wà lára ògiri lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ó ń tò. Òun ni ó lọ bá ayafọ́tò, òun ni ó sanwó, òun ni ó yan aṣọ. Oníṣẹ́ tí a bẹ̀ níṣẹ́ ni ayafọ́tò, bí aránṣọ ti jẹ́.

Sprague tún kọ nípa àwọn ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú láìjẹ́ pé a ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayafọ́tò a máa ya èyí tí ó wà láàyè, a sì tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, a ó wọ aṣọ ti ẹni tí ó kú fún alààyè kí a tó ya èkejì. Níbi tí a ti ń gbẹ́ ère ìbejì tẹ́lẹ̀, fọ́tò bá ère gbé ẹrù rẹ̀. Ṣé irọ́ ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá gbà pé iṣẹ́ fọ́tò kò ju kí ó sọ ohun tí ó wà níwájú kámẹ́rà yóò ní irọ́ ni. Ìyá àwọn ìbejì náà kò ní gbà fún un. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí a bá ń ṣe àkó fún òkú ọlọ́lá, a máa ń gbẹ́ ère tí ó jọ ọ́, a sì ń wọ̀ ọ́ láṣọ rẹ̀, kí ó lè bá àwọn ènìyàn rẹ̀ dágbére bí ó ti yẹ ẹ́. Babátúndé Lawal, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, tú ọ̀rọ̀ náà gan-an palẹ̀ ní 2001: àwòrán ni ohun tí a wò tí a fi ń rántí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, fọ́tò apẹja tí a yà láti òkèèrè kò tíì di àwòrán. Ìyá yìí kò kí ọkùnrin náà, kò mọ orúkọ rẹ̀, kò mọ ẹja tí ó pa. Kí ni yóò fi rántí?

Àpẹẹrẹ mìíràn wà ní ìtòsí ju èyí lọ. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé Òkukù fún ọdún mẹ́ta láàárín 1974 sí 1977, kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1991 lórí oríkì àti àwọn obìnrin tí ń kì í níbẹ̀. Oríkì pẹ̀lú jẹ́ àwòrán, ẹnu ni a fi ń yà á. Ẹni tí ó ń kì ènìyàn máa ń dúró níwájú rẹ̀, yóò dárúkọ rẹ̀, orí ẹni náà yóò sì wú. Òkú pàápàá, a kì í bíi pé ó ń gbọ́. Kókó kan sì wà tí àwọn tí wọ́n rò pé ìyìn nìkan ni oríkì kì í rí: a máa ń sọ àléébù nínú rẹ̀. A ń sọ pé baba ńlá ẹnìkan jẹ gbèsè, pé ó ga jù tàbí pé ó kúrú jù. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ó ni ín ni a ti ń sọ ọ́, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí àwọn tí wọ́n ń jiyàn pé, bí a bá ń tọrọ àyè ní gbogbo ìgbà, ojú líle nìkan ni a ó máa yà, òtítọ́ ayé yóò sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Àríyànjiyàn yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ní ẹnu ibodè Lẹ́kí ní Èkó, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù yà wà lára ẹ̀rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé ìbọn? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ìbọn àti ẹni tí ó ń fa àwọ̀n kì í ṣe ẹgbẹ́. Agbára ni a ń yà ní ti èkíní, kí ó má baà sẹ́. Èkejì kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ oníròyìn bo àìkíni mọ́lẹ̀ kò rí ìyàtọ̀ yìí, tàbí kí wọ́n má fẹ́ rí i.

Ibi tí irú rẹ̀ lè dé hàn nínú ọ̀rọ̀ Sharbat Gula, ọmọbìnrin ará Afghanistan. Steve McCurry yà á ní àgọ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní Pakistan ní 1984. Fọ́tò rẹ̀ bọ́ sí iwájú ìwé National Geographic ní oṣù kẹfà 1985, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ojú tí a mọ̀ jù ní gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n wá a kàn ní 2002, kò rí fọ́tò náà rí. Ọdún 17 ni gbogbo ayé fi ń wo ojú tí ẹni tí ó ni ín kò rí.

Lọ́jọ́ kejì, ìdílé wa lọ sí ilé tí Seriki Williams Abass, oníṣòwò ẹrú, ń kó àwọn ẹrú sí ní Àgbádárìgì. Ọmọdé ni wọ́n ti mú òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì kí ó tó padà wá di ẹni tí ń ta ènìyàn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀ tí àlejò lè gbé wò. Láti ìlú náà, ọkọ̀ ojú omi ń gbé àwọn ènìyàn sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu, níbi tí àwọn ẹrú ti ń fi ẹsẹ̀ rin iyanrìn lọ sí etí òkun, tí wọn kò sì ní padà mọ́. Níbi méjèèjì ni àwọn àlejò ti ń gbé fóònù sókè kí ẹni tí ń mú wọn káàkiri tó la ẹnu. A kò lè ní ẹ̀rín jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Àwọn Yorùbá mọ bí a ti ń jó níbi òkú àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kọ́ ọrùn ọmọ rẹ̀, tí ó ní kí ó rẹ́rìn-ín, kò tíì gbọ́ ìtàn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Fóònù sì ti fún un ní ojú kẹta tí òun náà kò ríran.

Àwọn ọmọ pàápàá ńkọ́? Èyí ni ó yẹ kí ó dun àwọn òbí jù, òun sì ni wọn kì í bi ara wọn. Òfin tí ó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn ní Nàìjíríà, èyí tí a fọwọ́ sí ní 2023, yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ìlò ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, adájọ́ kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ ìyá àti ọmọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ìgbì òkun gbá àbúrò pátápátá ṣubú, ọmọ ọdún mẹ́fà. Iyanrìn wọ ẹnu rẹ̀, aṣọ rẹ̀ bọ́, ó ń sunkún kíkorò. Ìyá rẹ̀ rí i pé kò ṣèṣe, ẹ̀rín pa á, ó sì gbé fóònù sókè. Ọmọ náà ní, “Màámi, ẹ má yà mí.” Ó ti yà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó fi ránṣẹ́ sí àwọn mọ̀lẹ́bí, ọ̀kan nínú wọn sì fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Nígbà tí ọkọ̀ wọn fi kọjá Ìkìrun lọ sí Ìbà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo agbo ilé ti rí ẹkún ọmọ náà.