Òkè Mímọ́ Lójú Ọ̀nà Afẹ́

Black Hills ni orúkọ àwọn òkè kan ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ South Dakota ní Amẹ́ríkà, tí apá kan wọn wọ ìpínlẹ̀ Wyoming. Igi páìnì ló bò wọ́n, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣú dúdú lójú ẹni tó bá wò wọ́n lókèèrè. Nígbà ooru, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ a máa wa ọkọ̀ gba àwọn ìlú kéékèèké bíi Custer, Hill City àti Keystone kọjá. Wọ́n á gba Needles Highway, ọ̀nà tóóró tó lọ́ gba àárín àwọn òkúta ṣóńṣó, wọ́n á sì dé Mount Rushmore, níbi tí Gutzon Borglum àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti gbẹ́ ojú ààrẹ mẹ́rin sára àpáta láàárín ọdún 1927 sí 1941. Bó bá di oṣù kẹjọ, alùpùpù ni yóò gba ìgboro Sturgis kan, nítorí àpéjọ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1938.

Àwọn òkè yìí kan náà ni ilẹ̀ mímọ́ àwọn Lakota, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Pahá Sápa. Ìtàn wọn sọ pé inú ihò tí a mọ̀ sí Wind Cave lónìí ni àwọn baba ńlá wọn ti jáde sórí ilẹ̀. Àwọn Cheyenne náà gbà pé orí Bear Butte, òkè tó dá dúró nítòsí Sturgis, ni wòlíì wọn Sweet Medicine ti gba ọfà mímọ́ mẹ́rin. Títí dòní, àwọn ẹ̀yà méjèèjì ń gun òkè náà lọ gbààwẹ̀, wọ́n sì ń so aṣọ àdúrà mọ́ ẹ̀ka igi. Ìbéèrè tó jẹyọ ni pé: kí ni ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn kan jẹ ibi mímọ́ ẹ̀sìn náà ní gbèsè?

Owó ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi dáhùn. Àdéhùn Fort Laramie ti ọdún 1868 fi àwọn òkè náà sílẹ̀ fún àwọn Lakota. Lọ́dún 1874, ikọ̀ ọmọ ogun tí ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Custer kó lọ kéde pé wúrà wà níbẹ̀, ni àwọn awakùsà bá ya wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Lọ́dún 1877, ìjọba gba àwọn òkè náà, láìrí ìfọwọ́sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn àgbà ọkùnrin tí àdéhùn náà béèrè. Ní 1980, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 17.1 dọ́là pẹ̀lú èlé láti 1877, tí àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 100. Àwọn Lakota kọ̀ ọ́. Owó náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ti kọjá bílíọ̀nù kan. Ẹni tó mọ ètò ilẹ̀ ẹbí yóò tètè lóye ìdí rẹ̀: ẹni tó bá gbowó ti gbà pé òun ta ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí òkú àti ọmọ tí a kò tí ì bí jọ ni kì í ṣe títà fún alààyè nìkan.

Vine Deloria Jr., ọmọ ẹ̀yà Sioux, tí àwọn Lakota jẹ́ apá kan wọn, ṣàlàyé ọ̀ràn yìí nínú ìwé rẹ̀, God Is Red, lọ́dún 1973. Ó ní orí ìtàn ni ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì dúró lé, orí ibi kan pàtó sì ni ẹ̀sìn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà dúró lé. A lè kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbikíbi, ṣùgbọ́n a kò lè ṣí òkè nípò. Alátakò lè sọ pé Jerúsálẹ́mù àti Mẹ́kà náà kò ṣe é ṣí nípò. Òótọ́ ni, àmọ́ ńṣe ni èyí túbọ̀ fi hàn pé ọ̀ràn náà kan ju ẹ̀yà kan lọ.

A tún lè béèrè bóyá ìyanu tó ń bá arìnrìn-àjò níwájú òkè kì í ṣe ìjọsìn lọ́nà tirẹ̀. Lọ́dún 1790, onímọ̀ ọgbọ́n orí Immanuel Kant kọ̀wé pé inú ọkàn ẹni tó ń wo irú ohun ńlá bẹ́ẹ̀ ni títóbi náà wà, kì í ṣe lára ohun tó ń wò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òkè mìíràn lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Lójú àwọn Lakota, òkè yìí gan-an ni wọ́n bá dá májẹ̀mú, òmíràn kò sì lè dípò rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín ẹwà àti ìjẹ́mímọ́ nìyẹn.

Òfin kì í sábà dáàbò bo irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1982, àwọn Lakota àti Cheyenne pàdánù ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí ọ̀nà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe sí Bear Butte. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Devils Tower, àpáta gíga kan ní Wyoming. Láti 1995 ni àwọn alábòójútó rẹ̀ ti ń bẹ àwọn tó ń fi okùn gun àpáta náà pé kí wọ́n má gùn ún ní oṣù kẹfà, nígbà tí àwọn ẹ̀yà tó ka ibẹ̀ sí mímọ́ ń ṣe ètò ẹ̀sìn wọn. Àwọn kan pẹjọ́, ṣùgbọ́n lọ́dún 1998 ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ètò náà, torí pé ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agunkè sì ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà.

Èyí fi hàn pé ọ̀wọ̀ kò dìgbà tí ènìyàn bá gba ẹ̀sìn gbọ́. Ẹni tí kò gbàdúrà lè yẹra fún aṣọ tí ẹlòmíràn fi gbàdúrà, kó sì sún gígun òkè síwájú. Ṣùgbọ́n gbèsè méjì ló wà nílẹ̀. Arìnrìn-àjò lè fi ìkóra-ẹni-níjàánu san tirẹ̀. Ti ìjọba, tó gba ilẹ̀, kò tán síbẹ̀.