Ọlọ́run Mú Wọn Ti Mubi Dé

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Ẹ má jẹ́ kí n dá a yìn, oore yìí ti ju ẹnu ẹnì kan lọ. Ìyàwó mi wà láàyè. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tó sá kúrò ní Mubi ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jà lórí ẹran inú ọbẹ̀. Ìjà yẹn gan-an, ọpẹ́ ni mo fi ń dá! Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí Olúwa ṣe.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé mi dé ìpínlẹ̀ Adamawa, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọmọ Bachama kan ní Numan, ọ̀rọ̀ sì di ìgbéyàwó. Ẹni tó bá mọ Numan mọ̀ pé ìlú àwọn Lutheran ni. Ibẹ̀ ni Niels Brønnum, dókítà ará Dẹ́ńmáàkì, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere lọ́dún 1913, iṣẹ́ ọ̀hún ló di Lutheran Church of Christ in Nigeria lónìí. Bí mo ṣe fẹ́ ìyàwó ni mo bá a wọ ìjọ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá délé, àwọn ẹbí á máa bi mí pé, “Lutheran kẹ̀? Èwo tún nìyẹn?” Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi.

Ní ọdún 2014, Mbamba nítòsí Yola là ń gbé, mò ń kọ́ni ní Bronnum Lutheran Seminary. Ìtàn ìjọ àti èdè Gíríìkì ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Èmi fúnra mi tún ń kàwé fún oyè mìíràn. Láàárọ̀, olùkọ́ ni mí. Tó bá di ọ̀sán, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Tí ilẹ̀ bá ṣú, mo di bàbá, mo di ìyá, nítorí pé ìyàwó mi náà ń kàwé ní Adamawa State University, tó wà ní Mubi. Ìbùkún, àkọ́bí wa, wà lọ́dọ̀ mi. Àbúrò rẹ̀ tó ṣì ń mu ọmú wà lọ́dọ̀ ìyá wọn. Owó oṣù kì í tó dé ìparí oṣù. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń máàkì ìwé ìdánwò, màá máa fi ọwọ́ kejì gbá ọmọ lẹ́yìn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ kó lè sùn. Ẹ ò bá wo ọkùnrin Ẹ̀gbá tó ń fi kóòmù la irun ọmọbìnrin lójúmọ́! Ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣàánú mi níjọ́ kan, ó gba kóòmù náà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Málàmú, ẹ lọ kàwé yín.”

Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó bá rò pé ìwé àti ilé kò lè gbé pọ̀, kó wo ilé Martin Luther, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọ wa, ní Wittenberg. Ọdún 1525 ló fẹ́ Katharina von Bora, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ilé náà, wọ́n ń jẹun nídìí tábìlì rẹ̀, Katharina ló ń pọn bíà, tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, tó sì ń ṣọ́ owó. Bí mo bá dé orí bíà, ẹ̀rín á sọ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n Magdalena, ọmọ wọn obìnrin tó kú ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ́dún 1542, n kì í pẹ́ lórí tirẹ̀. Ńṣe ni mo máa ń sáré kọjá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 yẹn, Boko Haram gba Michika, nítòsí Mubi. Jìnnìjìnnì bo Mubi, ọ̀pọ̀ èèyàn sá, ìyàwó mi náà sì sá wálé. Ìgbà tó di ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá, ìjọba kéde pé àwọn àti Boko Haram ti fẹnu kò pé kí ìjà dáwọ́ dúró. Inú gbogbo wa dùn! Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Ìyàwó mi ní òun á kàn dé Mubi, òun á fi pùrójẹ́ẹ̀tì òun han ọ̀gá òun, òun á sì kó àwọn ẹrù òun tó kù bọ̀. Ó pọn ọmọ, ó fi ọ̀já gbà á, ó wá ró àdìrẹ oníko tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta lé e lórí, aró dúdú tó ní òṣùpá funfun rọ̀bọ̀tọ̀ rọ̀bọ̀tọ̀. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Mubi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, fóònù mi dún. Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni mo gbóhùn rẹ̀: “Bàbá Ìbùkún, wọ́n ti dé o! À ń sá lọ o! Ẹ gbàdúrà!” Ló bá já. Mo pè é títí, kò wọlé mọ́. Tó fi máa di alẹ́, ìròyìn ti kan pé Mubi ti bọ́ sọ́wọ́ Boko Haram.

Haa! Ẹ̀yin ará, mo rí ayé! Gáréèjì Jimeta ní Yola ni mo ń jí lọ. Ọkọ̀ ń já èrò láti Hong àti Gombi lójú ọ̀nà Mubi, èèyàn lórí èèyàn, ọmọ tó sọ ìyá nù, ìyá tó sọ ọmọ nù. Mo lọ sí Kàtídírà St. Theresa ní Yola, níbi tí ìjọ Àgùdà ti gba àwọn tó sá àsálà, mo ń wo ojú obìnrin kọ̀ọ̀kan tó pọnmọ. Kò sí tèmi níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ló bọ́ sí àyájọ́ Àtúnṣe Ìjọ, ọjọ́ tí gbogbo ọmọ Lutheran ń rántí ohun tí Luther ṣe lọ́dún 1517. Àwọn èèyàn ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo lanu, ohùn kò jáde. Ìbùkún fà mí láṣọ, ó ní, “Dádì, ṣé Mọ́mì náà ń kọrin níbi tó wà?” Kí ni ǹ bá sọ?

Àwọn ọ̀gá wa ní kí n lọ sinmi. Mo kọ̀. Bí mo bá jókòó sílé, orí mi á dàrú.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ wá burú jù. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì, mo ṣàpèjúwe ìyàwó mi fún un, mo mẹ́nu ba aṣọ náà. Bàbá yìí dákẹ́. Ó wò mí, ó wolẹ̀. Ó wá ní òun rí aṣọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Mubi, lójú ọ̀nà àwọn òkè, aró tó ní òṣùpá funfun. Wọ́n fi bo òkú obìnrin kan. Mo bi í nípa ọmọ. Ó ní òun kò rí ọmọ kankan.

Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́. N kò mọ bí mo ṣe délé. Lọ́jọ́ kejì mo wọ kíláàsì, àfi bí ẹ̀kọ́ ṣe kan ìdílé Luther. Mo dé ibi Magdalena, n kò lè sáré kọjá. Mo jókòó sórí àga, mo bú sẹ́kún níwájú àwọn tí mò ń kọ́! Ni ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Kamwe láti Michika tí òun náà kò tíì gbúròó bàbá àti ìyá rẹ̀, bá dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Gbogbo kíláàsì gbà á. Háúsá lọ́tùn-ún, Bachama lósì, èmi ń fi Yorùbá pariwo pé, “Olúwa, ẹ dá wọn padà fún mi! Ẹ dá wọn padà!” A kò ka ìwé mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, kẹ̀kẹ́ Marwa kan dúró níwájú ilé. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù títí dé kókósẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé alárìnkiri kan tó ń wá omi mu ni, mo kí i ní Háúsá. Ìbùkún ló ké tòò: “Mọ́mì mi!” Híjáàbù ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí ọmọ mi yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀! Yéè! Halelúyà! Mo pariwo débi pé àwọn ará ọgbà sẹ́mínárì rò pé ogun ló dé, àwọn kan ti ń gbé ọmọ sá kí wọ́n tó gbọ́ pé orin ni mò ń kọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Bí wọ́n ṣe ń sá gba ọ̀nà àwọn òkè, ìyá àgbà kan ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi, kò sì dìde mọ́. Àwọn èèyàn ń kọjá lórí rẹ̀. Ìyàwó mi tú àdìrẹ náà, ó fi bò ó látòkè délẹ̀, ó fi ọ̀já nìkan di ọmọ, ó tún gbéra. Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ. Aṣọ wa ló rí, kì í ṣe ìyàwó mi! Ilẹ̀ ṣú bá wọn létí abà Fúlàní kan. Ìyálé abà náà, Mùsùlùmí, fà á wọlé, ó bu nónò, wàrà àwọn Fúlàní, sínú igbá fún un, ó bọ́ híjáàbù ọrùn ara rẹ̀ fún un. Òru ni ọkọ obìnrin yìí fi mú wọn gba ọ̀nà igbó dé ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ tírélà, tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n fi yí padà sí Yola. A kò mọ orúkọ obìnrin náà títí di òní. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, mo sì ń dárúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú àdúrà, “Ìyá Onínónò”.

Nígbà tí mo pe ìyá mi ní Abẹ́òkúta pé àdìrẹ rẹ̀ ti lọ, ó jó lórí fóònù! Ó ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́!”

Wọ́n gba Mubi padà lọ́wọ́ Boko Haram nínú oṣù kọkànlá ọdún náà. Pùrójẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi bá ogun lọ. Ó jókòó, ó kọ òmíràn, ó sì gboyè. Èmi náà parí tèmi, èmi pẹ̀lú ọmọ kan lórí itan àti ìwé Gíríìkì lórí ìkejì. Ọmọ Kamwe tó gbàdúrà fún mi ti di pásítọ̀. Bàbá rẹ̀ dé. Ìyá rẹ̀ kò dé, mi ò sì mọ ìdí tí tèmi fi dé. Mo kàn mọ̀ pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kí ògo jẹ́ ti Olúwa!

Ìwọ tó ń ka èyí, tí ẹni rẹ ṣì wà lọ́nà, má tíì ṣọ̀fọ̀ nítorí aṣọ tí ẹnì kan rí. Máa ké pe Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ bá wa dúpẹ́, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́mínárì kan tó wà nítòsí yín, ìjọ yòówù kó jẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ láàárọ̀ yìí, kí ẹ sì mú nǹkan lọ́wọ́ lọ.