Ta Ni Ìtìjú Tọ́ Sí? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Wa ní Yunifásítì

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni a máa ń kọ jù: ọmọ tí ó gba oyè, ilé tí a ṣí, ọmọge tí ó relé ọkọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ ní Sabon Gari yìí, tí a kì í fẹ́ gbé sórí ìwé. Òun ni ohun tí ojú àwọn ọmọ wa ń rí ní yunifásítì lọ́wọ́ àwọn kan tí ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ wọn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: bí ẹni tí ó ní agbára bá fi agbára náà yọ ọmọ lẹ́nu, ta ni ìtìjú tọ́ sí, ta ni ó sì yẹ kí ó sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àhesọ. Ní ọdún 2018, ohùn kan tí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan gbà sílẹ̀ lórí fóònù tàn ká gbogbo Nàìjíríà. Oyè kejì ni ó ń kàwé fún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Akindele, tí ó ń béèrè ìbálòpọ̀ kí ó tó fún un ní máàkì tí yóò fi yege. Yunifásítì náà lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, BBC gbé fíìmù kan jáde tí wọ́n pè ní Sex for Grades. Àwọn akọ̀ròyìn obìnrin díbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ya ìwà àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì Èkó àti ní Yunifásítì Ghana. Kiki Mordi, akọ̀ròyìn tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà, sọ pé irú ìyọlẹ́nu yìí ni kò jẹ́ kí òun fúnra òun parí ìwé òun. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Abuja fọwọ́ sí àbá òfin kan tí ó lè rán irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n tí ó tó ọdún 14.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní kíláàsì pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ṣì lè sá fún olùkọ́ kan. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé kò rí ibi sá sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ yìí ni yóò ka iṣẹ́ náà, tí yóò buwọ́ lù ú, tí yóò kọ lẹ́tà nígbà tí ọmọ bá ń wá iṣẹ́ tàbí tí ó bá fẹ́ lọ sí òkè òkun. Òun ni ó mọ ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ inú yàrá ìwádìí lónìí, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò ṣíwájú lórí ìwé tí wọ́n bá jọ tẹ̀ jáde.

Àwa ará Sabon Gari mọ irú ètò yìí dáadáa, nítorí kò yàtọ̀ sí ti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́ ìránṣọ tàbí iṣẹ́ mẹ́káníìkì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá ni ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù wà. Ọ̀gá rere ń fi iṣẹ́ han ọmọ. Ọ̀gá burúkú sọ ọmọ di ẹrú ilé rẹ̀. Nígbà tí òbí bá fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, kí ni ó fún un gan-an? Ó fún un ní àkókò ọmọ náà, ó fún un ní ọwọ́ rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ kí ó lè kọ́ iṣẹ́. Kò fi ara ọmọ tọrẹ. Kò sì fi iyì ọmọ náà kún owó iṣẹ́. Bí ó ti rí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà ni ó rí ní yàrá ìwádìí.

Àwọn kan á ní: bí ọmọ náà bá gbà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Bí ẹni tí ó bá sọ pé rárá yóò pàdánù iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Ohun tí a fi ìbẹ̀rù gbà lọ́wọ́ ènìyàn, a kò lè pè é ní ẹ̀bùn. Àwọn mìíràn á ní aṣọ tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ̀ ni ó fà á. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ pé aṣọ ọmọ kan mú olùkọ́ fi owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu níwájú ọ̀gá tirẹ̀ lè kó ara rẹ̀ níjàánu níwájú akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó lágbára jù: ọmọ lè purọ́ mọ́ olùkọ́. Òótọ́ ni. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò ní kí a má gbọ́ ẹjọ́ rárá. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí a gbọ́ tọ̀tún tòsì, kí àwọn tí kò sí lábẹ́ olùkọ́ náà tàbí lábẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí. Olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an ni irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò gbà lọ́wọ́ àhesọ.

Kí wá ni ó ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́? Nígbà mìíràn, àwa òbí ni. Nígbà tí ọmọ bá wọ ọkọ̀ láti Kano lọ sí Èkó tàbí Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fi ń sìn ín ni pé kí ó má dójú tì wá. Bí ó bá pè wá pé nǹkan kò rọrùn, a ó ní kí ó ní sùúrù, kí ó ṣáà gba ìwé rẹ̀. Sùúrù dára fún ìṣòro tí yóò kọjá lọ. Kò dára fún ìyọlẹ́nu, nítorí bí ọmọ bá ti ń ṣe sùúrù ni ẹni tí ń yọ ọ́ lẹ́nu ń le sí i, tí ó sì ń wo ọmọ mìíràn tí yóò kàn. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹ̀sín ta ni? Bí olè bá fọ́ ilé, onílé kì í sá pamọ́. Ìtìjú tọ́ sí ẹni tí ó ṣe ohun tí ojú ń tì. Kò tọ́ sí ẹni tí wọ́n ṣe é sí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Èébú, yẹ̀yẹ́, àti yíya ènìyàn sọ́tọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wa tí a bí ní Kano máa ń dé ìwọ̀-oòrùn, wọ́n á máa pè wọ́n ní Gàmbàrí nítorí pé Hausa wọ inú Yorùbá wọn. Ó máa ń dùn wọ́n, ó sì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Bí àwọn mẹ́fà bá jọ ń ṣe ìwádìí, tí márùn-ún jẹ́ Yorùbá, tí ẹ̀kẹfà jẹ́ Nupe tàbí Igbo, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá ṣètò iṣẹ́, ẹ̀kẹfà kò ní mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ ṣófo. Iṣẹ́ rẹ̀ á falẹ̀, wọ́n á sì ní kò lápá. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń rán lọ ra oúnjẹ nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti jí àkókò wọn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kano, ní nǹkan bí ọdún 1911 sí 1913, ni Sabon Gari bẹ̀rẹ̀, fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Àwọn bàbá wa mọ bí ó ti rí kí ọ̀rọ̀ máa kọjá lórí ẹni. Wọ́n tún mọ bí ara ṣe ń tu àlejò nígbà tí ẹnìkan bá yíjú sí i, tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọmọ wa, kí ọmọ wa má ṣe é sí ọmọ ẹlòmíràn.

Kí ni kí a ṣe? Kí yunifásítì, ìbáà jẹ́ ti ìhà gúúsù tàbí Bayero tí ó wà nítòsí wa, fún akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin tí a kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Kí olùkọ́ méjì máa bójú tó iṣẹ́ ọmọ kan. Kí ìpàdé jẹ́ ní ọ́fíìsì, ní ọ̀sán, kì í ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kí ọmọ mọ ẹni tí òun lè fẹjọ́ sùn, tí kì í ṣe ọ̀gá òun. Kí ọmọ tí wọ́n bá ń yọ lẹ́nu tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Kí àwa òbí béèrè nípa àlàáfíà ọmọ kí a tó béèrè èsì ìdánwò. Kí ẹgbẹ́ wa náà yan ìyá kan àti bàbá kan tí ẹnu wọn kò fẹ́rẹ̀, tí àwọn ọmọ lè pè nígbàkígbà.

Nítorí òótọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀: ọmọ tí ó bá sọ̀rọ̀ lè pàdánù ọdún kan, ó lè pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tọ́ kí a sọ fún un pé kí ó ní ìgboyà, kí a sì fi òun nìkan sílẹ̀ láti san gbèsè ìgboyà náà. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni ẹni tí kò ní pàdánù púpọ̀: olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó rí i tí ó mójú kúrò, òbí tí ó gbọ́, àgbà tí ó mọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa padà sílé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti iyì lára.