Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Ya Ìjókòó Ìdílé Sọ́tọ̀ ní Pápá Bọ́ọ̀lù?



Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀, a sì rò pé ó yẹ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé yìí. Ní ọjọ́ kan tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti ilẹ̀ wa wá ṣeré ní ìhà ibí, díẹ̀ nínú wa gbéra láti Okrika, a kó àwọn ọmọ wa dání, a sì lọ yẹ́ àwọn ará ilé sí. Inú àwọn ọmọ dùn púpọ̀. Fèrè ń dún, ìlù ń ró, a ra ẹ̀pà àti omi tútù fún wọn, a sì jókòó láàrin àwọn ènìyàn wa tí ń sọ Yorùbá. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè pé ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ṣẹ̀, àwọn àgbàlagbà kan lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Wọ́n bú ìyá rẹ̀, wọ́n bú baba rẹ̀, wọ́n sì na èébú náà dé ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ tí ó gbà wá lálejò. Èdè wa ni wọ́n fi bú wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ń bú kò gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sí ọmọ Okrika kan tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì. Nígbà tí ìyẹn béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti wà láàrin wa. Àwọn kan ní kí a má ṣe mú ọmọ lọ sí pápá mọ́. Àwọn mìíràn ní kí a bẹ àwọn aláṣẹ pápá kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún baba, ìyá àti ọmọ, bí wọ́n ti ń ṣe ní òkè òkun. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì ní ìtìjú ni èyí yóò jẹ́, nítorí gbogbo pápá ni ó yẹ kí ọmọdé lè jókòó sí. Ta ni ó sọ òtítọ́ nínú wọn?

Kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tí ó fẹ́ ìjókòó ìdílé. Ohun tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe àlá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Watford wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ fún irú àyè bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún 1980 sí 1989, ní àkókò tí ìjà àwọn òǹwòran ń lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò ní pápá. Ètò rẹ̀ kò le: àgbàlagbà tí kò bá mú ọmọdé dání kì í jókòó níbẹ̀, owó ìwọlé ọmọdé sì kéré. Ní Saudi Arabia pẹ̀lú, ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2018, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin láyè láti wo ìdíje bọ́ọ̀lù ní pápá ìlú Jeddah, apá ìdílé ni wọ́n fi wọ́n sí. Ọgbà tí a fi ya ènìyàn sọ́tọ̀ ni, ṣùgbọ́n òun náà ni ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé.

Wọ́n tún ní ìdí kan tí ó wúwo ju èébú lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, ní Accra, Hearts of Oak ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Asante Kotoko. Àwọn òǹwòran kan bínú, wọ́n ń fọ́ ìjókòó, wọ́n sì ń jù ú sí orí pápá. Ọlọ́pàá yin tajútajú sí wọn. Gbogbo ènìyàn sá lọ sí ẹnu géètì, wọ́n sì bá àwọn géètì kan ní títì. Ènìyàn 126 ni ó kú. Ìbínú ìwọ̀nba ènìyàn ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí ó bínú nìkan ni ó kú. Ẹni tí ó bá ti di ọwọ́ ọmọ mú láàrin èrò yóò mọ ìdí tí òbí fi ń béèrè ibi tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí a kò fún ènìyàn pọ̀ sí, tí géètì rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní, ọgbà kì í dí ohùn lọ́nà. Bí ọmọ bá jókòó sí ìhà ọ̀tún, tí a sì ń bú ìyá ènìyàn ní ìhà òsì, yóò gbọ́. Èyí tí ó burú jù ni pé bí a bá ti pe igun kan ní ibi ọmọlúàbí, ńṣe ni a sọ fún àwọn igun yòókù pé kò sí ọmọlúàbí níbẹ̀. Ẹni tí a bá kìlọ̀ fún yóò dáhùn pé, “Kí ló dé tí ẹ kò lọ jókòó síbi tí àwọn ọmọdé wà?” Àwọn baba wa sì wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn kò sọ pé kí a kó àwọn ọmọ tuntun lọ sí ọjà tiwọn.

Àwọn kan yóò wí pé, “Bí a bá pa ẹnu òǹwòran mọ́, kí ni yóò kù nínú bọ́ọ̀lù?” A gbà pẹ̀lú wọn pé ariwo ni iyọ̀ eré. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ fèrè àti ìlù àwọn alátìlẹ́yìn Nàìjíríà mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí pápá dákẹ́ bí ilé ìkàwé. Ṣùgbọ́n ariwo yàtọ̀ sí èébú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ní Istanbul, wọ́n fìyà jẹ ẹgbẹ́ Fenerbahçe nítorí ìwà àwọn òǹwòran rẹ̀. Kàkà kí wọ́n ti pápá pa, wọ́n ní kí obìnrin àti àwọn ọmọdé tí kò ju ọdún 12 lọ nìkan wọlé. Àwọn tí ó wá lé ní 41,000. Wọ́n kọrin, wọ́n pariwo, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún àwọn àlejò tí ó wá láti Manisa pàápàá. Nítorí náà, ooru pápá kò sí nínú èébú. Síbẹ̀, ìtùnú díẹ̀ ni èyí jẹ́ fún wa, nítorí àwọn baba ni a kò gbà wọlé kí ọmọ tó lè wòran ní àlàáfíà.

Kí a wá padà sí ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí bí ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná láàrin àwọn alátìlẹ́yìn Sharks àti ti Dolphins ní Port Harcourt. Ní ọdún 2016, a pa ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n di Rivers United, ẹgbẹ́ kan yìí sì gba ife líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2022. Àwọn tí ó ti ń bú ara wọn wá ń dì mọ́ ara wọn. Àwọn èébú àtijọ́ ńkọ́? Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Algeria ní Súrùlérè, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni ó gbá méjì wọlé, Muda Lawal sì gbá ọ̀kan, àwọn méjèèjì láti Shooting Stars ti Ìbàdàn. Adokiye Amiesimaka, ọmọ Ìpínlẹ̀ Rivers tí a fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ńlá tí ó wà ní ìhà Omagwa, wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú wọn. Nígbà náà, ta ni ará ilé, ta sì ni àlejò?

Ìdájọ́ wa nìyí. Ẹ jẹ́ kí a béèrè fún ìjókòó ìdílé, nítorí ọmọdé kò lè dúró de ìgbà tí àwọn àgbà yóò ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n kí a wò ó bí àgbẹ̀ ti ń wo ibi tí ó fọ́n irúgbìn ata sí. Ibẹ̀ kọ́ ni ata yóò so sí. Bí ó bá ti le díẹ̀, a óò lọ́ ọ sí oko gbangba. Ọmọ tí ó jókòó sí àyè ìdílé lónìí ni yóò jókòó láàrin èrò lọ́la. Bí baba rẹ̀ bá pa ẹnu mọ́ níbẹ̀ nítorí òfin nìkan, tí ó sì ń ṣépè níwájú tẹlifíṣọ̀n nílé, asán ni gbogbo rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ti àwa tí a wà níhìn-ín, ojúṣe wa ju èyí lọ. Ní ilé, àwọn ènìyàn wa mọ orúkọ Okrika sí aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí. Àwa mọ̀ ọ́n sí ìlú tí ó fún wa ní ilé, ọjà àti aládùúgbò. Kò yẹ kí a fi èdè wa ṣe ibi ìsápamọ́sí láti bú wọn.

Àwa tí a jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ náà jẹ̀bi pẹ̀lú, nítorí a gbọ́, a kò sì yí ojú padà láti wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ wà níbí.” Baba ọmọ náà mú un lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti tọrọ àforíjì, díẹ̀ nínú wa sì bá wọn lọ. Baálé ilé náà jáde, ó gbọ́ ẹjọ́ wa dé òpin. Kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó gbé àga jáde, ó sì ní kí a jókòó.

Kí Ọlọ́run kọ́ wa bí a ti ń jókòó pẹ̀lú ọmọnìkejì.