Ta Ni Yóò Ṣọ́ Igbó Nígbà Tí Ẹ̀rù Bá Tán?

Bí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ẹ béèrè igi Agia. Wọn yóò júwe ọ̀nà fún yín, àmọ́ igi kọ́ lẹ máa bá níbẹ̀. Òkúta ìrántí lẹ máa bá. Lábẹ́ igi yìí ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù ní 1842, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka ibẹ̀ sí ibi tí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Igi náà ga ju 160 ẹsẹ̀ bàtà lọ, wọ́n sì ní ó ti lò ju 300 ọdún láyé kó tó wó ní 1959. Ó wó, òkúta sì rọ́pò rẹ̀ kí a má baà gbàgbé.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe wá lóore, ó yẹ ká rántí rẹ̀, ìbáà ṣe igi. Àmọ́ àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Òkúta ìrántí àwọn igi yòókù dà? Àwọn tí kò sí oníwàásù kankan tó dúró lábẹ́ wọn rí, tí a ń gé lójoojúmọ́ ní etí omi wa yìí, ta ló ń kà wọ́n?

Igi tí a ní lọ́kàn lónìí kò ga tó Agia, kò sì lókìkí. Òun ni igi etí ọ̀sà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mangrove. Ibi tí omi iyọ̀ ti ń pàdé omi dídùn ló fẹ́ràn. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta lókè omi bí ẹsẹ̀ akàn, gbòǹgbò yẹn ló sì di ẹrẹ̀ mú kí omi má baà gbá a lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni edé, akàn àti ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ń sá sí títí wọn yóò fi lókun, torí ẹja ńlá kò ráyè wọ ibẹ̀. Ewé rẹ̀ tó bá já bọ́ di oúnjẹ fún wọn. Inú ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ kábọ́ọ̀nù wà ní ìpamọ́. Bí a bá pa igi náà tí a sì tú ilẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kábọ́ọ̀nù yẹn ń bọ́ sí, yóò sì dá kún ooru tí gbogbo wa ń pariwo rẹ̀.

Kí wá ló ń pa á? Àwọn kan ń bo irà láti kọ́lé, àwọn kan ń wa yanrìn. Àwọn kan ń wá igi ìdáná, nítorí igi yìí le, ó ń pẹ́ lórí iná, ó sì dára fún ẹja yíyan. Àwọn apẹja kan náà ń gé e fún ohun tí wọ́n ń pè ní acadja. Ní ọ̀sà tiwa àti ní ti Bẹ̀nẹ̀ tó pààlà pẹ̀lú wa, wọ́n á gún ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi, ẹja á wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, tó bá yá, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ acadja yìí dáadáa. Ẹni tó ń ṣe é mọ̀ pé ẹja fẹ́ràn abẹ́ igi. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ kọ́ ọ. Síbẹ̀, ó lè gé igi tó wà láàyè, kó fi òkú ẹ̀ka rẹ̀ kọ́lé fún ẹja tí igi náà ń gbà sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Torí náà, kí a má tan ara wa jẹ pé àìmọ̀kan ló ń ba igbó jẹ́, pé bí a bá ti ṣe ìlanilọ́yẹ̀ tó, gbogbo rẹ̀ á dáa. A mọ̀. A mọ̀ ọ́n, a sì ń gé e.

Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ni yóò mú èèyàn fi igi sílẹ̀ nígbà tí àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó ń wọ́n ọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i? Ìbéèrè wa nìyẹn.

Ìdáhùn àwọn baba ńlá wa ni ẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó kàn máa gbé àáké kọ ìrókò láìṣe ètùtù, torí wọ́n gbà pé ó ní ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Igbó orò wà tí àjèjì kì í wọ̀. Igbó ìgbàlẹ̀ wà tí ẹni tí kò bá mawo kì í yà sí. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ pé òun ń dáàbò bo àyíká. Ṣùgbọ́n igbó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwàásù dé. Ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ti mọ́ṣáláṣí ti wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì sì sọ fún wa pé igi ni igi, kí a yéé bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ èyí gbà bẹ́ẹ̀, a kò sì ní torí igbó sọ pé ká padà sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kíyè sí nǹkan kan: abẹ́ òjìji igi ńlá ni ìwàásù yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nílùú wa. Wọ́n gba ẹ̀rù igi lọ́wọ́ wa, kò sì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìrẹ́gi dé, ẹnu ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹlòmíì á ní, òfin ńkọ́? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo òfin. Igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ti di igbó ọba láti 1925. Ní 1977, UNESCO fi í sára àwọn igbó pàtàkì àgbáyé. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà níbùú lóròó, erin sì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀, àwọn agégẹdú kò kúrò níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹdú láti irú igbó bẹ́ẹ̀ ń léfòó lórí ọ̀sà wá sí Òkò Bàbà ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń là á sí pákó. Orí pákó yẹn ni a sùn sí, òun la fi kan òrùlé wa. Nínú ìròyìn tí àjọ FAO gbé jáde ní 2010, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé igbó Nàìjíríà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 17 hẹ́kítà ní 1990, ó sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 9 ní 2010. Òfin wà ní gbogbo ọdún yẹn. Òfin dára, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ kan kò lè dúró ti gbogbo igi, ẹ̀ṣọ́ náà sì ní ọmọ tó ń bọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ní Bẹ̀nẹ̀, ní Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, àwọn ará abúlé pa dà sọ́dọ̀ ẹ̀rù. Wọ́n gbé igbó mangrove wọn lé Zangbeto lọ́wọ́. Àwa ará Àgbádárìgì mọ Zangbeto. Àwọn Ògù ló ni ín, òun sì ni ọdẹ òru láti ayé àtijọ́. Bí ó bá jáde pẹ̀lú aṣọ koríko rẹ̀ tó ń yí bírí, ẹni tó fẹ́ jalè á tún inú rò. Ní Bouche du Roy, ibi tí wọ́n bá ti yà sọ́tọ̀ fún un, ẹni tó bá gé igi níbẹ̀ kì í ṣe ìjọba ló ṣẹ̀, Zangbeto ló ṣẹ̀. Àwọn tí kò ka òfin ìjọba sí ka ìyẹn sí.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú wa dùn. A ní, ṣebí tiwa náà wà nílé, ẹ jẹ́ ká pè é wá! Àmọ́ bí a ṣe ń rò ó sí i, ọkàn wa pín sí méjì. Lọ́nà kìíní, ṣé ó tọ́ kí àwa tí a kò gba nǹkan gbọ́ lò ó láti dẹ́rù ba ẹni tó gbà á gbọ́? Ẹ̀tàn nìyẹn, bó ti wù kó ṣoore tó. Lọ́nà kejì, ta ni ẹ̀rù náà máa mú? Yóò mú ìyá tó gbé àáké lọ wá igi ìdáná. Kò dájú pé yóò mú ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá wa yanrìn, tí kì í ṣe ọmọ ibí, tó sì ti padà sí ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Síbẹ̀, a kò lè fọwọ́ rọ́ ọgbọ́n náà sẹ́yìn. Nínú ẹ̀rù àtijọ́ yẹn, ohun kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹni tó ń ṣètùtù kó tó gé ìrókò ń sọ pé, "Nǹkan yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹnì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi léèrè." Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù máa ń tán bí òye bá dé. Ọ̀wọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a tán. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 péré ni. Àwọn olùsìn dì í mú, Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún un, òfin náà sì tẹ̀ lé e. Ó wọ ìwé UNESCO ní 2005. Ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun àti ẹni tí kì í bọ ọ́ jọ ń rìn nínú igbó yẹn, kò sì sí ẹni tó ń gbé àáké dání.

Tí ẹ bá bi wá pé ta ló yẹ ká bi léèrè báyìí tí a kò bá bi ẹ̀mí inú igi, ìdáhùn wa ni pé àwọn tí a kò tíì bí. Igi tó ti lo 300 ọdún láyé kò lè jẹ́ ti ìran kan. Bí a bá ń gé igi nígbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.

Àmọ́ ọ̀wọ̀ kò gbọ́dọ̀ di ẹrù tí a dì lé orí ẹni tí kò ní. A bá ìyá kan tó ń yan ẹja sọ ọ̀rọ̀ yìí létí omi. Ó gbọ́ wa tán, ó yí ẹja rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣeun. Tí mi ò bá dáná, ṣé ẹ máa wá ra ẹja tútù lọ́wọ́ mi?" A kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti gbà pé ẹni tó bá ní kí ẹlòmíì fi igi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú nǹkan mìíràn dání wá. Àgbọn pọ̀ nílùú wa. Èèpo rẹ̀ tí a ń dà nù ń jó dáadáa lábẹ́ ẹja. Ààrò tí a mọ yíká kì í jẹ igi tó èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ta ni yóò ràn án lọ́wọ́ láti mọ irú ààrò bẹ́ẹ̀? Àwa tí à ń jẹ ẹja náà ni, àti ìjọba tó ń gba owó orí.

A padà lọ wo igi náà. Bóyá ẹ ò mọ̀: ọ̀kan nínú àwọn mangrove wa kì í ju èso rẹ̀ sílẹ̀ bí igi mìíràn. Orí ẹ̀ka ìyá rẹ̀ níbẹ̀ ni èso náà ti ń hù, á gùn bí ọ̀pá, ìgbà tó bá ṣe tán ló máa ń já, kó lè gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tàbí kí omi gbé e lọ síbi tí yóò ti ta gbòǹgbò. Kíkó irú èso bẹ́ẹ̀ jọ ká sì tẹ̀ ẹ́ bọ ẹrẹ̀ kò gba ìmọ̀ ńlá. Ó gba àkókò, nítorí yóò pẹ́ ká tó rí ẹja lábẹ́ rẹ̀. A gbin díẹ̀. Díẹ̀ kú, díẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù yín, nílé tàbí lókè òkun, a kò ní kí ẹ bẹ̀rù igi. Ohun tí a ń bi yín ni pé, lónìí tí kò sí ohun tó ń dẹ́rù bà yín mọ́, kí lẹ máa fi sílẹ̀ láìgé?