Ta Ni Ó Ni Eèpo?

Bí a bá bẹ iṣu tán, iṣu a bọ́ sínú ìkòkò, eèpo a bọ́ síta. Kò sí ẹni tí í jiyàn pé òun kọ́ ni ó ni iṣu. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni eèpo? Ìbéèrè yìí lè dà bí àwàdà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Lójú àwọn ìyá wa, ohun tí ó jáde nílé ìdáná kò tíì parí iṣẹ́. Ewúrẹ́ ni ó ni eèpo iṣu àti èèrí ògì. Wọn a sá eèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbẹ, wọn a sun ún di eérú. Omi tí wọ́n bá sẹ́ lára eérú náà ni wọn a sè pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ààtàn a gba ìyókù, tẹ̀tẹ̀ a sì hù níbẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé àìní ni ó bí àṣà yìí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: iṣẹ́ náà pọ̀, èjìká obìnrin ni ó sì sábà máa ń já lé. Kò yẹ kí a yin ọgbọ́n kí a gbàgbé làálàá. Ṣùgbọ́n owó kò ra eèpo kúrò láyé. Èyí tí a dì sínú ọ̀rá tí ọkọ̀ gbé lọ, abẹ́ òkìtì tí afẹ́fẹ́ kò dé ni yóò ti jẹrà, tí yóò sì tú gáàsì méténì tí ń dá kún gbígbóná ayé sílẹ̀. Ẹni tí ń gbé ẹ̀bá ààtàn kò bá wa jẹ iṣu, òun ni ó ń gbọ́ òórùn eèpo.

Ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, ní ibùdó Songhai tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, wọ́n ń fi ìdọ̀tí sin ìdin fún ẹja, wọ́n sì ń ti ara rẹ̀ rí gáàsì ìdáná. Méténì kan náà tí ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ní ààtàn ni ó ń dáná níbẹ̀.

Kí ni ó mú ọ̀kan di ègbé, tí ó mú èkejì di èrè? Ọwọ́ tí ó ya eèpo sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá àti ike ni. Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò se ọṣẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè ní agbọ̀n méjì nílé. Ẹni tí ó jẹ iṣu ni ó ni eèpo.