Ohun Tó Ń Kó Wa Jọ

Nígbà tí Ìjọ Redeemed gba ilẹ̀ lẹ́bàá Mowe ní 1983, igbó ni ibẹ̀. Lónìí, Redemption City ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tirẹ̀, omi ẹ̀rọ, báńkì, ilé ìwé àti ilé gbígbé lóríṣiríṣi. Ní Ibafo, Prayer City ti ìjọ Mountain of Fire ló gbilẹ̀. Deeper Life náà ní ibùdó ìpàdé ńlá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kan náà. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ mọ ohun tó ń wọ oníbàárà lójú: bí ilẹ̀ ṣe sún mọ́ Redemption City tó ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Kò burú kéèyàn fẹ́ gbé níbi tí iná wà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí à ń béèrè ká tó yan ìjọ. Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù wà? Ṣé ibi ìgbọ́kọ̀sí fẹ̀? Ṣé ìsìn yóò parí kí bọ́ọ̀lù Premier League tó bẹ̀rẹ̀? Ìjọ kékeré ní Ifo tí kò ní ju jẹnẹrétọ̀ kan àti bẹ́ǹṣì onípákó lọ wá ń rò pé òun kò tíì tó ìjọ.

Ẹnìkan lè ní kò sí ohun tuntun nínú èyí, pé ohun tí ara ń fẹ́ ló máa ń gbé èèyàn dé ilé Ọlọ́run. Òótọ́ ni. Ilé ìwé ló fa ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá mọ́ àwọn míṣọ́nnárì tó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ìwòsàn ni ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn tó rọ́ lọ bá wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930 ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá gba ìwòsàn ní Iléṣà bá àṣẹ kan pàdé: kó oògùn àti òrìṣà rẹ jáde, ká dáná sun ún. Ohun tó jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀, tó ti gbójú lé láti kékeré, ni wọ́n ní kó fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jòhánù ròyìn rẹ̀ ní orí kẹfà: Jésù bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n tún wá a kiri nítorí búrẹ́dì, ó sọ ọ̀rọ̀ líle fún wọn, ọ̀pọ̀ sì pa dà lẹ́yìn rẹ̀. Kò fi búrẹ́dì mìíràn sáré tẹ̀ lé wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti wọ́ nìyí. À ń fi iná, kíláàsì ọmọdé àti ìdíje bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ kó èèyàn jọ, ẹ̀rù kí wọ́n má lọ sì ń bà wá débi pé a kò lè ní kí wọ́n fi ohunkóhun sílẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ìjọba ló fi wá sínú òkùnkùn, pé àánú ni ìjọ ń ṣe bó bá pèsè iná àti omi, àti pé Redeemed ti fi ẹ̀rọ ìtọ́jú ta àwọn ilé ìwòsàn ìjọba lọ́rẹ. Mo gbà, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìjọ ló fúnni ní ìyẹn. Ọmọ ìjọ ńkọ́? Ẹni tó ti ra ilé sínú ọgbà, tí omi rẹ̀ kì í gbẹ, kò rí ìdí tí yóò fi bá ará Mowe tó wà lẹ́yìn odi jókòó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tó bàjẹ́ tàbí tiransifọ́mà tó jó, àfi bí ìwàásù bá rán an. Ìwàásù yẹn gan-an ni ìdẹ̀ra ń gbà lẹ́nu wa. Bí pásítọ̀ kan ní Ibafo bá dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ní kí gbogbo ẹni tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sílé fa ẹnu omi kan síta fún aládùúgbò, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, láìgba kọ́bọ̀, àwọn kan yóò kó lọ sí ìjọ mìíràn lójú pópó náà. Kó jẹ́ kí wọ́n lọ, kó sì tún ìwàásù náà ṣe lọ́sẹ̀ kejì.